Ẹni Tí Jamaldeen Bẹ̀rẹ̀ Fún Létí Òkun Jẹ́dà

Àdúgbò Tandabáwì, Mẹ́kà.

Kulthum ọmọ mi,

Èmi tí mo ru pákó títí irun àárín orí mi fi kọ̀ tí kò hù mọ́, tí mo sùn lábẹ́ lọ́rì nínú òjò, tí ẹ̀rọ ìlagi gé níka tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ kí egbò tó jinná, tí mi ò kọjá ìwé mẹ́ta, èmi Àlàájì Abdulganiyu náà ni mo fọwọ́ ara mi kọ̀wé sí ọ láti ilẹ̀ mímọ́. Ṣé ara le? Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ní ìsọ̀? Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá yín gbé. Ara tèmi le koko, inú nìkan ló korò.

O mọ ohun tó gbé mi wá. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ Jamaldeen padà sí Ṣakí wá gba ìsọ̀ pákó kí n tó di ẹni ilẹ̀.

Nígbà tó wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú Jẹ́dà, ọwọ́ ló nà sí mi! Mo dúró, mo ń retí kó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́hun nìkan là ń wólẹ̀ fún." Mo ní, "Ṣé mo ní kí o kírun sí mi ni?" Mo gbé e mì. Mo ní bóyá ẹ̀sìn ló jinlẹ̀ lára rẹ̀.

N kò ní purọ́, ó mú mi káàkiri. A dé Balad, ìlú àtijọ́ tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já àwọn èrò Mẹ́kà sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Fèrèsé onígi bo ara ilé láti òkè délẹ̀. Mo fọwọ́ pa igi náà, mo sàdúà fún ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó tún mú mi lọ wo omi tí wọ́n ń tú sójú ọ̀run láti inú òkun. Fìlà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ níbi tí mo ti ń wòkè.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan yọ, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Kí n tó mọ̀, ọmọ mi ti sáré lọ bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó fẹnu kò ó léjìká. Mo bi í pé, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Ọ̀gá mi Abdulhadi ni. Òun ló ń bá mi sọ ìkámà dọ̀tun, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí." Mo ní, "Àṣé ẹ̀yìn rẹ ò gan! Mo ti rò pé àìsàn ni."

Bí mo ṣe dá ọ̀rọ̀ ìsọ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín ló fi mí rín. "Bàbá, ẹ tà á. Ta ló máa fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ wá máa ṣọ́ pákó?" Pákó tó rán an dé yunifásítì! Mo gbé báàgì mi, mo wọkọ̀ wá sí Mẹ́kà lémi nìkan. Níwájú Kábà, mo fẹ́ ṣẹ́ èpè fún un, ahọ́n mi kọ̀. Àdúà ni mo ṣe fún un. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí jì í.

Ìwọ tí o ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ kí o tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Àwọn ọmọ tí o bí yóò mọ̀ ọ́ lóbìí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú rẹ̀ ṣì ríran,
Àlàájì Abdulganiyu.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí mo bá ti balẹ̀, n ó pe ẹbí àti ẹgbẹ́ onípákó jọ, n ó fa ìsọ̀ lé ọ lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní obìnrin kì í jẹ olórí onípákó, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ náà gan-an, n ó ní kí akunlé pa "Abdulganiyu àti Jamaldeen" rẹ́ lára pátákó ìta, kó kọ Kulthum sí i gàdàgbà.