Ọmọ Ìjàpá Òkun Tí Mo Fi Korobá Gbé

Ọmọ mi àkọ́bí,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún mẹ́rin. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, pàápàá àbọ̀, torí àlọ nìkan ni mo ti rí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan kú. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ìwé yìí, nítorí náà bí bírò bá dá bébà lu, má ṣe bínú.

Iṣẹ́ tí o bá mi wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ìjàpá òkun ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Àná ni wọ́n lé mi.

O mọ̀ pé wọ́n ní ìjàpá òkun ń tán lọ láyé. Wọ́n kó akọ àti abo sínú adágún tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ, bí ẹyin bá sì ti pa, èmi ni mò ń bọ́ àwọn ọmọ. Ẹja tútù ni wọ́n ń jẹ, ẹja tí èmi àti bàbá rẹ ń fojú lásán wò lọ́jà! Mo bi ọ̀gá wọn, ọmọdébìnrin kan tí à ń pè ní Onígíláàsì, pé ìgbà wo la máa tà wọ́n. Ó ní a ò ní tà wọ́n, òkun la máa dà wọ́n sí kí wọ́n lè pọ̀ sí i. Mo ní ha, ta ní ń bọ́ adìyẹ yó tán tó ń lé e wọgbó? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, owó yín ni.

Wọ́n tún lẹ fóònù mọ́ ìyá ìjàpá kan lẹ́yìn kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní yóò máa ránṣẹ́ sójú ọ̀run, ojú ọ̀run yóò sì sọ fún ọ́fíìsì. Ìjàpá o! Kò kàwé, kò ní ìka, n kò mọ ẹni tó ń ra káàdì fún un, síbẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń jíṣẹ́ ibi tó wà. Ìwọ tí mo rán nílé ìwé, tí fóònù rẹ ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn, ìgbà wo lo pè mí kẹ́yìn?

Láàárọ̀ àná, wọ́n ní ká kó àwọn ọmọ ìjàpá sókè iyanrìn, kí wọ́n rákò dé inú omi fúnra wọn. Akàn ń dúró dè wọ́n, ẹyẹ ń yí lókè. Èmi tí mo mọ iye ẹja tó ti wọnú wọn, ṣé kí n káwọ́ gbera máa wo àdánù ni? Bí wọ́n ti yíjú sí oníkámẹ́rà tó wá ya àwòrán wọn, mo gbé korobá kan lérí, mo fa ìkejì lọ́wọ́, mo wọ omi dé ìbàdí, mo dà wọ́n sókun. Ẹyọ kan ò sọnù. Mo rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́ ni. Onígíláàsì pariwo bí ẹni tí mo ti ọmọ rẹ̀ sí kànga. Ó ní ìrákò orí iyanrìn yẹn ni wọ́n fi ń mọ ilé, pé èyí tó bá rákò níbí, bó rin gbogbo òkun ayé, tó sì dàgbà, ibí náà ni yóò padà wá yé ẹyin sí, ṣùgbọ́n àwọn tí mo fi korobá gbé lè má mọ̀nà ilé mọ́ láé. Ó ní kí n máa lọ.

Inú bí mi. Mo ní ìyá mi, irọ́ lò ń pa. Mo ní ẹnì kan wà tí n kò fi korobá gbé. Orí iyanrìn yìí ló ti rákò, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, ó tilẹ̀ bù ú jẹ, ọdún méjìdínlógún ló sì lò lórí rẹ̀. Ìlú ńlá ló wà báyìí, ọkọ̀ wákàtí márùn-ún péré, a ò tíì rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Onígíláàsì yọ gíláàsì, ó ń nù ún.

Nítorí náà, wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà mí padà. Má pè wọ́n lórí fóònù, wá fúnra rẹ. Owó òògùn orúnkún bàbá rẹ àti owó epo ìdáná nìkan ni mo fẹ́. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì, torí ẹ̀rọ wọn ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí, n kì í sì í sọ àṣírí fún ẹni tí n kò rí ojú rẹ̀. Fọwọ́ ara rẹ gbé e wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbàgbé ilẹ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ. Inú ṣì ń bí mi.