Òkè Tí Wọ́n Ní A Kì í Gùn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Inú bí mi débi pé mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà pa. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà òkè wa: ilé-iṣẹ́ awakùsà fẹ́ wa èédú níbẹ̀. "Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó." Kò sẹ́ni kẹ̀? Òkè tí gbogbo àdúgbò ń gùn láràárọ̀, tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù! Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Baálé mi, dókítà ní kó máa rìn. Ibẹ̀ là ń lọ, èmi ni mò ń di apá ẹ̀ mú. Bí wọ́n bá gbà á, ibo ni kó ti máa rìn — inú ṣọ́ọ̀bù mi?

Ọjọ́rú, 5
Bàtà Dídán wá — orúkọ tí mo sọ aṣojú wọn nìyẹn. Ó ń pè mí ní "Màmá wa". Màmá ta ni? Ó ní ká wá sí gbọ̀ngàn láàárọ̀ ọ̀la, ká wá sọ bí a ṣe ń lo òkè náà. Mo ní gbogbo wa ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, wọ́n sì pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Mo fi Baálé sílé, àga ibẹ̀ ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Bàtà Dídán ń mirí bí alángbá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ẹni kì í dédé fún ni ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo ní kó jẹ́ ká gbọ́ràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ń bínú ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ìwà ìkà rèé o! Àárọ̀ tí wọ́n kó wa sí gbọ̀ngàn gan-an ni wọ́n fi èèyàn jókòó sí ẹsẹ̀ òkè, pé kí wọ́n ka àwọn tó ń gùn ún. Àwa tí à ń gùn ún wà nínú gbọ̀ngàn, à ń pariwo pé à ń gùn ún! Ọlọ́run ò ní dárí jì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ bá mi wí. Ó kàn pòṣé.

Bàtà Dídán ka èsì fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín: ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó dá gùn ún dé ṣóńṣó, ó sinmi, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo sáré délé, mo bi Baálé. Ẹnu ẹ̀ tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kó dá òun lójú kóun tó sọ fún mi. Ó dá rìn! Láìsí apá mi! Ẹnu ọ̀tá ni mo ti wá gbọ́ ọ. Mo sunkún ayọ̀, mo sunkún ìbínú, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Wọ́n ti ta wáyà yí òkè ká. Baálé ń wọ bàtà ẹ̀. Mo na apá sí i, ó ní rárá, òun lòun máa ṣíwájú. Mo ní wáyà wà níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀.