Aṣọ Tí Mo Gé Láìbèèrè

Bàbá mi, ẹni tó fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́,

Ara tù mí lónìí, ni mo fi ní kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín kí n ròyìn fún yín. Epo tí ẹ máa ń fún un láràárọ̀ Jímọ̀, èmi ọ̀lẹ ọmọ yín kì í rántí, ó sì ń han.

Ràmátù, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú fi sílẹ̀ ní Àbíjáǹ, tó máa ń fa irùngbọ̀n yín nígbà tó wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá, ìjà lọmọ yìí ń jẹ, ìjà ló ń mu. Ó gé ọmọ mi Kàfáyà jẹ, ó fọ́ dígí, ó sọ òkúta lu ìyàwó mi. Mo nà án títí apá fi ń ro mí, ńṣe ló ń le sí i. Mo wá pinnu láti mú un lọ bá ìbátan wa kan ní Màsífà, ẹni tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹgba tọ́ irú wọn.

Ìgbà tí mo fẹ́ di ẹrù rẹ̀ ni mo rí i pé báàgì tó gbé dé ṣófo. Àwa náà la tú u. Ẹ mọ̀ wá: ẹni tó bá ti Àbíjáǹ dé, kò ní tíì fọ ẹsẹ̀ tán tí a ó ti pín ẹrù rẹ̀. Aṣọ olódòdó kan bọ́ sọ́wọ́ Kàfáyà, èmi fúnra mi ni mo gé e, mo fi rán síkẹ́ẹ̀tì fún un. Ọjọ́ tí Kàfáyà bá wọ̀ ọ́ gan-an ni ìjà máa ń ṣẹlẹ̀. Bàbá, níbo lojú mi wà?

Mo bi Ràmátù léèrè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tọ́ńtọ́n ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá lọ́hùn-ún.

“Òórùn màmá mi ló wà lára aṣọ yẹn, Tọ́ńtọ́n. Ẹ gé e.”

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rántí ọdún tí ìyá wa kú, tí mo fi áyọ́ọ̀nù la orí ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ kò nà mí. Ẹ gbé aṣọ kan fún mi pé kí n máa tú ojú rírán rẹ̀, ẹ sì jókòó tì mí títí wọ́n fi pe ìrun Aláàsárì. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe mí ni, àbí ó ti rẹ ẹ̀yin náà? Kí ló dé tí n kò bi yín nígbà tí ẹ wà láyé?

Mo gba síkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ Kàfáyà, mo fi bíléèdì lé Ràmátù lọ́wọ́ kó tú u. Ìyàwó mi rí bíléèdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré jáde. A tú u, a sì tò ó pọ̀ padà di ìró. Ojú rírán hàn gba àárín rẹ̀, òórùn náà ò sì padà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ Màsífà ti tán nílẹ̀.

Ìjà kò tíì tán pátápátá. Lánàá, inú bí i sí Kàfáyà, ó di ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ yín ló sá wá, ó ní kí n fún òun ní nǹkan tú. N kò ní nǹkan kan tó yẹ ní títú. Bùbá mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán ni mo gbé fún un, mo sì jókòó tì í. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé aṣọ tí ẹ gbé fún mi lọ́jọ́ náà, kò sí ibi tó ti bà jẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kò nà.