Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Mi Ṣeré ní Cocody

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú òjò, ẹ kú àìrí ara ẹni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìhín. Mo kí Baálé wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé lágbà lọ́mọdé, mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ojú ń dùn; kí ó jọ̀ọ́ má ṣe lo oògùn tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀. Mo kí àbúrò mi obìnrin tó ń bá yín gbé, nítorí òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àbúrò mi, rọra kà á. Ibi tí Ìyá bá ní kí o dúró, dúró níbẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbangba ni. Ọ̀pọ̀ ará Ṣakí ìlú wa tó wà ní Àbíjàn ló ti gbọ́ apá kan rẹ̀, olúkúlùkù sì ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ìyá Sìkírátù tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Treichville ń bọ̀ wá sílé ní ìparí oṣù, ó sì ti ṣèlérí pé ilé yín ni òun yóò kọ́kọ́ yà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ó tó dé.

Òjò ń rọ̀ níbí. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí aṣọ mi kò gbẹ dáadáa. Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ń kó igi gẹdú jọ sí létí ọ̀sà. Èmi ni mò ń kọ igi tó wọlé àti èyí tó jáde, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣú lórí ìwé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé lọ́jọ́ kan n óò kọ igi tí kò sí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi, ìyá Délé, ti ṣaláìsí, ilé ti tóbi jù fún mi. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, n óò tún padà wò ó bóyá mo tì í. Mo gbọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń wa mọ́tò ní Nàìjíríà báyìí bíi ti ìhín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó sọdá. Awakọ̀ tó ti dàgbà lè gbàgbé.

Ìyá mi, ohun kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín láti ọdún mẹ́rin. Igi gẹdú kan yí lu ẹsẹ̀ ọ̀tún mi níbi iṣẹ́, egungun ìsàlẹ̀ orúnkún sì dá. Ó jinná, ṣùgbọ́n kò jinná tọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tiro. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí yín, mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wá sílé. Irọ́ ni. N kò fẹ́ kí ẹ rí mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo rò pé tí n kò bá sọ ọ́, tí n kò sì wá, kò ní sí lójú yín.

Mojísọ́lá ọmọ Délé ló wá tú àṣírí náà, kò sì mọ̀ pé àṣírí ni. Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ń gbé nítorí ilé ìwé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Bouaké níbi tí Délé ti ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Pépé ni ó ń pè mí, bí àwọn ọmọ Faransé ṣe ń pe bàbá àgbà. Obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ni níjó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó sì gbà á sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó níbí, láìgba nǹkan kan.

Balẹ́ ni wọ́n ń pe ijó náà. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọn kì í sì í kọrin. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ìtàn. Èyí tí wọ́n ṣe jẹ́ ti ẹ̀rín. Bàbá arúgbó olówó kan fẹ́ fi agídí fẹ́ ọmọge tó ti ní àyànfẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá gbé àkàbà ti fèrèsé ọmọ náà, nǹkan á ṣe é: ajá á gbó mọ́ ọn, wọ́n á da omi lé e lórí, àkàbà á yẹ̀. Níkẹyìn, ìyá àgbà ọmọ náà ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á sì jó lọ sílé. Ọmọbìnrin nìkan ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, Mojísọ́lá ló sì ga jù, nítorí náà òun ni wọ́n fi ṣe arúgbó. Ó sọ fún mi pé òun yóò lẹ irùngbọ̀n. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn: mò ń rò pé gọ́ọ̀mù yóò ba ojú ọmọ jẹ́.

Àwa mẹ́jọ la lọ láti Treichville lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, nítorí wọ́n fún ilé oníjó kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìwọlé. Mo ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mú oúnjẹ dání. Ìyá Sìkírátù mú ẹ̀pà. Òyìnbó tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká nítorí gèlè. Ó rò pé ọkùnrin náà ń kí òun ni, ó yíjú padà, ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè ọmọ. Ọkùnrin náà yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè wo ìyókù eré.

Nígbà tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ń rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, Ìyá Sìkírátù béèrè, kò sì rọra béèrè, pé ta ni wọ́n ń yọjú wò lórí ògiri. Alàgbà ìjọ wa, ọkùnrin ará Ìsẹ́yìn, tẹjú mọ́ orúnkún ara rẹ̀ nítorí pé yẹ̀rì àwọn ọmọ náà kúrú. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́rìí lọ́jọ́ ìdájọ́. Ọmọ kan gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì dúró gbọn-in. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Àwa ṣì ń dúró kí ó ṣe nǹkan.

Ìgbà náà ni arúgbó jáde. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn bí ènìyàn, ó ń fa èkejì bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Tó bá ti rìn díẹ̀, á dúró, á ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń sinmi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo rí i pé Ìyá Sìkírátù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi ló ń wò.

Kí n tó ronú kan nǹkan kan, àkàbà yẹ̀, arúgbó ṣubú gbì. Ẹ mọ̀ wá, Ìyá mi. Ènìyàn kò lè ṣubú lójú ọmọ Yorùbá kí ó má gbọ́ pẹ̀lẹ́, ìbáà jẹ́ olè tó ń sá lọ. Ìyá Sìkírátù fò dìde, ẹ̀pà dà sílẹ̀, ó kígbe pé pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Délé! Gbogbo àwọn tiwa gbè é: pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Délé, pẹ̀lẹ́! Alàgbà tó ń wo orúnkún pàápàá ti kí pẹ̀lẹ́ kí ó tó béèrè ẹni tó ṣubú. Ọmọ náà jókòó nílẹ̀ lórí ìtàgé, ó fi ìka méjì gbé fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀ sí wa. Bí mo ṣe máa ń ṣe é lójú títì gan-an nìyẹn tí wọ́n bá kí mi, kí wọ́n má baà tún bi mí ní ìbéèrè. Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Àwọn òyìnbó rò pé ara eré ni wá. Wọ́n yíjú sí wa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Mo wá mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ló wà lókè níbẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Alàgbà ní ọmọ tó bá sín bàbá bàbá rẹ̀ jẹ níwájú àjèjì, ilé ni ó ti tú. Ó ní kí n mú un wá síwájú àwọn àgbà ìjọ kí ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, kí n sì kọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ lọ ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí wọn yóò tún eré náà ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá Sìkírátù ní kí ó fi ọmọ sílẹ̀. Ó ní ṣé ọmọ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà ni? Ó ní òun ti kọ́ ìrìn náà, òun yóò rìn ín fún yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ẹ kò mọ̀. N kò lè sọ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo bá Mojísọ́lá nídìí iná níbi tó ti ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é tó fi sọ mí di ẹlẹ́yà. Ọmọ náà fi ṣíbí sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ Faransé, ó gbàgbé pé n kì í fẹ́ gbọ́ ọ nígbà tí inú bá ń bí mi. Ó ní òun kò fi mí ṣẹlẹ́yà. Ó ní Madame tó ń kọ́ àwọn níjó ní kí olúkúlùkù wá àgbàlagbà kan kí ó sì máa wò ó dáadáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ sọ́jà lọ wo àwọn arúgbó tí wọn kò mọ̀. Òun ní kí ni òun ń wá lọ sọ́jà, nígbà tó jẹ́ pé Pépé ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi láràárọ̀? Ó wá bi mí pé ibo gan-an ló ń dùn mí.

Ìyá mi, láti ọdún mẹ́rin, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́, èmi ń gbé fìlà, ó parí. Mo na ìka sí i. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ibi tó dá ló ń dùn jù, ìbàdí ni, nítorí ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń ru gbogbo ẹrù. Ó fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀ mí pé kí n rìn kí òun tún wò ó, nítorí òun mọ̀ pé ohun kan kò tíì pé nínú rẹ̀.

Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, mo tún rìn padà. Mo sọ fún un pé àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ń wo ẹsẹ̀. Èmi kì í wo ẹsẹ̀. Iwájú ni mo ń wò, mo sì ń ṣe ojú mi bí ẹni tó ń rántí nǹkan, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà mọ̀ pé mò ń ka ìṣísẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó gbé ojú sókè, ó sì rìn ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jóná, àwa méjèèjì kò sì gbé e kúrò lórí iná. N kò lè rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo rí bàbá arúgbó kan tó ti rẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti ń wò mí ní gbogbo ìgbà tí mo rò pé èmi nìkan ló wà nínú ilé.

N kò mú un lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Mo dá lọ bá Alàgbà lẹ́yìn ìsìn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbèjà mi, mo sì sọ fún un pé èmi ni mo ni ẹsẹ̀, mo ti fi yá ọmọ mi lò. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní nígbà tí ọmọ bá gbà mí létí, kí n má wá sọ́dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn. Bóyá òun ló tọ̀nà, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Mojísọ́lá yóò jó ní Sátidé, èmi yóò sì jókòó síwájú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín nìyí. Tí Ìyá Sìkírátù bá dé, tó bá káṣọ, tó ń fa ẹsẹ̀ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má sunkún. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ má sì fi ọmọ náà gégùn-ún. Tí ẹ bá béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dùn mí, pàápàá lákòókò òjò. N kò ní parọ́ fún yín mọ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Kí ó má jẹ́ kí omi gbẹ nínú kànga yín, kí ó má jẹ́ kí ẹ wá ẹni tí ẹ ó rán níṣẹ́ tì. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àti onílé àti àlejò. Mojísọ́lá kúnlẹ̀ kí yín.

Tí ọyẹ́ bá dé, tí ọ̀nà sì gbẹ, èmi àti òun yóò wá sílé. Ẹ ní kí wọ́n gbé àga yín síta lọ́jọ́ náà. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Láti òkèèrè, ìrìn ni ẹ ó fi mọ̀ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Bàbá Délé,
Treichville, Àbíjàn.