Ìwọ̀n Ọ̀rá Pupa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mátírọ́ọ̀nù gbé òṣùwọ̀n lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí bí ẹni ń gbé ọmọ fún alágbàtọ́. Láti òní lọ, èmi olórí nọ́ọ̀sì tíátà ni kí n máa wọn gbogbo ọ̀rá pupa tó bá ti yàrá iṣẹ́ abẹ jáde — ìyẹn ìdọ̀tí tó kan ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń sun. Ó ní èéfín ilé ìwòsàn wa ti pọ̀ jù, ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ó sì ń dá kún ooru ayé. Bí ìwọ̀n bá wálẹ̀ dé ìdajì kí oṣù tó parí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọn yóò máa dáná ìléru. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojoojúmọ́ ni, bó ṣe wà.

Mo ní mo gbọ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ògiri ìléru yẹn gan-an ni ilé Màámi wà.

Òní: kílò mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Méjìdínlógójì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màámi fọ aṣọ kan náà. Eérú ìléru.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn, mo tú ọ̀rá mẹ́ta wò. Páálí. Ìwé ìròyìn. Ike omi mẹ́rin. Eegun adìẹ — kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Mo pe gbogbo òṣìṣẹ́ tíátà jọ, mo sọ ọ́ kó yé wọn: ohun tí kò bá kan ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá dúdú ni, èyí tí a kì í sun. Dókítà Kíákíá, oníṣẹ́ abẹ wa (èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò mọ̀), ní ọ̀rá wo wá ni kí wọ́n gbé òun sí. Mo ní pupa ni, pẹ̀lú bí aṣọ rẹ̀ ṣe máa ń rí bó bá ṣiṣẹ́ tán.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ń wálẹ̀.

Ọjọ́rú, 12

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lánàá, ọgbọ̀n. Níjẹta, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò lọ, kò bọ̀. Mo sì ti bá gbogbo èèyàn jà tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Baba Oníléru ránṣẹ́ pè mí. Òun ló ń dáná ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ lóòjọ́ kò ju mẹ́wàá lọ. Ó ti to nǹkan sórí tábìlì níwájú ìléru bí ẹni pàtẹ ọjà: aṣọ ìbora oníwèé, gọ́ọ̀sì tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀, ìbọ̀wọ́, ọpọ́n ike. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ojú ibi tí wọ́n ti ká aṣọ náà ṣì hàn lára rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí nọ́ọ̀sì. Èyí ò tíì fojú kan aláìsàn kankan, èmi ni mò ń jó o. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i."

Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Páàkì Ńlá ni — ẹrù dídì tí a ń lò bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin tí a fi abẹ gbẹ̀bí fún. Ní tíátà mi, kí abẹ tó kan awọ, Páàkì Ńlá gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí. Bí a ò bá wá lò ó, a ò lè dá a padà, afẹ́fẹ́ ti kàn án. Ó di ọ̀rá pupa. Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ni Àǹtí Ṣí-i-sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ tipẹ́, inú mi a sì máa dùn sí i.

Inú mi ò dùn lónìí. Ojú tì mí níwájú Baba Oníléru.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún Mátírọ́ọ̀nù, mi ò lè fi pamọ́ fún ìwé yìí. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, a gbé ọmọ jáde lára obìnrin kan. Ẹ̀jẹ̀ ya. Páàkì pẹ́ kó tó dé. Obìnrin náà kú, ọmọ rẹ̀ ń ké lápá kejì yàrá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣí páàkì sílẹ̀.

Bí mo bá jáwọ́, tí ẹlòmíì tún lọ ńkọ́? Nítorí èéfín? Nítorí aṣọ Màámi? Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo sọ fún wọn: a ò ṣí Páàkì Ńlá sílẹ̀ mọ́, ó di ìgbà tí a bá nílò rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Mo ní kí Àbúrò — nọ́ọ̀sì tó kéré jù nínú wa — ṣí páàkì àtijọ́ kan, èmi ń wo aago ògiri. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Dókítà Kíákíá ní mẹ́sàn-án tó òun.

Mo kó ìyókù sínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà, mo sì fi àgádágodo tì í, kí ìwà àtijọ́ má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kódà èmi alára.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mọ́kàndínlógún. Mátírọ́ọ̀nù ní òun máa dárúkọ mi níwájú àwọn ọ̀gá. Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Iṣẹ́ abẹ mẹ́ta lónìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fi ń wo kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Èéfín ò pọ̀. Màámi ò tún aṣọ fọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ọjọ́ ìsinmi mi. Lọ́dọ̀ Màámi. Ó lóun máa bá mi fọ aṣọ iṣẹ́ — mo kọ̀, kò gbọ́. Ó tọwọ́ bọ àpò aṣọ náà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan. Ó ní kí ni èyí ń ṣí. Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù páàkì ni. Ó tún un wò.

Ó ní, "Ṣebí irú kọ́kọ́rọ́ báyìí lo sunkún lé lórí nígbà tí obìnrin yẹn kú? Kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́, gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. O ní nọ́ọ̀sì kan ló gbé e lọ sílé."

Òótọ́ ni. Kì í ṣe dídì tí páàkì wà ní dídì ló pa obìnrin yẹn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko, mò ń ṣí páàkì, mo ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Ó sì wá wà nínú àpò tèmi.

Sálúbàtà Màámi ni mo wọ̀ jáde. Tíátà dákẹ́. Àbúrò ń nu tábìlì. Ó ní àwọn ti fi abẹ gbẹ̀bí fún ẹnì kan láàárọ̀. Ó ní, "A wá kọ́kọ́rọ́ tì, Àǹtí. A ní kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ̀ẹ́ ká nílò ẹ̀. A ò sì nílò ẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ Baba Oníléru, mo tú àgádágodo àti ohun tó dè é mọ́ ilẹ̀kùn kúrò pátá. Ó bi mí bóyá kí òun jó o. Mi ò gbọ́ kó dápàárá rí.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ogún. Mo sùn wọra lánàá.

Ọjọ́rú, 26

Ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó wá bí ọmọ kẹta. Ọmọ jáde, ó ké, ẹ̀jẹ̀ sì ya. Kíákíá ò pariwo, ó kàn ní, "Páàkì." Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbéra. Kí n tó yíjú, Àbúrò ti dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo ń kà á lọ́kàn: mẹ́jọ.

Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú la fi bá ẹ̀jẹ̀ náà fà á. Ó dá. Ètè obìnrin náà tó ti funfun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà. Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Mo fẹ́ sọ pé obìnrin ni, ẹkún gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Níwájú gbogbo wọn. Àbúrò ló bá mi dá a lóhùn.

Nírọ̀lẹ́ mo wọn ọ̀rá. Kílò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A ò rí irú ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan. Baba Oníléru wo òṣùwọ̀n, ó wo ojú mi, ó ní ó mà wúwo lónìí.

Mo ní ó wúwo. Mo ní kó jó o. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kò fojú kan aláìsàn.