Aṣọ Ìgbéyàwó Tí A Fi Maṣíìnì Hun

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì dé etí ẹnikẹ́ni nílé. Mo ti lọ́kọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ni mo ti di ìyàwó ilé, ní kóòtù Upper Marlboro ní Amẹ́ríkà níbí, mo wọ súwẹ́tà àwọ̀ ewé tí mo hun fúnra mi, òógùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níwájú adájọ́. Màmá kò mọ̀. Bùọ̀dá mi tó wà ní Texas kò mọ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún, torí ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò lè gbé fóònù pe ẹlòmíì kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Táyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Suitland, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín àwàdà tirẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Súwẹ́tà bàbá rẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ ló gbé wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Mo bá a dí ihò náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá, ó ní òun ṣì ń wá ibi tí ihò náà wà, bóyá kí n bá òun wá a. Bàbá, a wá a títí a fi fẹ́ra. Ṣé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀? Tíì gbígbóná ló máa ń mu, kì í gbàgbé tirẹ̀ sórí tábìlì títí yóò fi tutù bíi tiyín. Ibi tí ẹ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ní ti sùúrù, ọmọ ìyá kan náà ni yín.

Ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi là ń gbé, ní Mitchellville. Mọ́mì là ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n, ènìyàn rere ni wọ́n, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n á tún bi mí bóyá mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu pé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni màá lọ. Wọ́n ní ìwé mẹ́wàá tí mo kà tó láti bẹ̀rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe: kí n máa ya àrà tuntun sí aṣọ, kí n máa fi maṣíìnì hun ún, kí n sì máa kọ́ àwọn ẹlòmíì. Mo ti ra àwọn maṣíìnì àlòkù lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, mo tò wọ́n sí yàrá ńlá abẹ́ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìsà Mọ́mì, mo sì ń kọ́ kíláàsì níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

Mọ́mì wá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ti kóòtù kì í ṣe ìgbéyàwó, ìwé lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má tíì gbọ́ títí a ó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kò sì ní bá alùfáà dá ọjọ́ títí àwọn á fi rí aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀. Tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi bá hun aṣọ ìyàwó tó ṣeé wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ, kí maṣíìnì máa wà lábẹ́ ilé. Tí kò bá ṣeé wọ̀, àwọn á ra gáùn fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, maṣíìnì á jáde, èmi náà á wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní oṣù Kìn-ín-ní. Kí ọkọ mi tó la ẹnu, mo ti ní mo gbà. Ó kàn fi ọwọ́ bojú ni.

Bàbá, ìdùnnú wo ló tó kí ènìyàn ya aṣọ ìgbéyàwó ara rẹ̀ sórí ìwé? Òwú àwọ̀ wàrà ni mo rà, ó tín-ín-rín, ó ń dán díẹ̀. Mo ya òkè rẹ̀ ní pẹlẹbẹ, mo ya apá rẹ̀ kó gùn dé ọrùn ọwọ́, mo wá pín síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún kíláàsì kí olúkúlùkù hun abala kan. Mísíìsì Hárìẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé, ó ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Fort Washington, tíṣà ló sì ń pè mí pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀. Sístà Bọ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀, láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Mo kọ́ wọn bí ẹ ṣe kọ́ mi. Kí wọ́n fi òwú tí a ó tú dànù bẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀. Kí wọ́n so irin mọ́ ìdí iṣẹ́ kó lè fà á wálẹ̀, kí okùn má bàa fò kúrò lórí abẹ́rẹ́. Kí wọ́n má bẹ̀rù pé ẹ̀yìn aṣọ ló kọjú sí wọn, ojú rẹ̀ wà ní òdìkejì, wọ́n á rí i nígbà tó bá yá. Gbogbo abẹ́ ilé á wá máa dún ṣàà, ṣàà, bíi ti ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Àdó nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, tí gbogbo òbí ń sáré wá béèrè súwẹ́tà.

Mo sọ fún wọn pẹ̀lú pé ẹ kì í wọn iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá kúrò lórí maṣíìnì. Tí oníbàárà bá dé, ẹ ó ní kó lọ ná, súwẹ́tà rẹ̀ ń sùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo ń sọ ọ́, Bọ́sẹ̀ sì rò pé àwàdà lásán ni. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ síbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó tí wọ́n ń sanwó fún mi láti máa tọ́jú, Bọ́sẹ̀ fẹ́ yà mí lẹ́nu. Ó kó abala síkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù, ó hun gbogbo wọn, ó fi téèpù wọ̀n wọ́n níbi tí irin ti ń fà wọ́n lórí maṣíìnì, ó rí i pé wọ́n gùn tó, ó ní kí Mísíìsì Hárìẹ́ẹ̀tì bá òun gé wọn síbẹ̀. Ẹ̀yin ti mọ èyí tó kù. Irin kúrò, aṣọ mí kanlẹ̀, ó súnkì padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Nígbà tí a fi píìnì so àwọn abala náà pọ̀ tí mo gbé e wọ̀ lọ́jọ́ kejì, agbedeméjì ojúgun mi ló dúró sí.

Mọ́mì wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ṣé odò lo fẹ́ là kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?”

Bọ́sẹ̀ bú sẹ́kún. Ọkọ mi ń wo òkè àjà. Èmi ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ń rí àwọn maṣíìnì mi nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Nínú ẹ̀rín yẹn ni mo rántí òwú tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀. A kò tíì tú u. Bí a bá tú u, gbogbo okùn ìsàlẹ̀ náà á ṣí sílẹ̀, a lè gbé wọn padà sórí abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa hun ún lọ sísàlẹ̀ títí dé ilẹ̀.

Mi ò kàn fẹ́ fi pẹlẹbẹ kún un. Ẹ rántí àwọn búlọ́ọ̀kù oníhò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, bí oòrùn ṣe máa ń gba inú wọn wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tí òdòdó ìmọ́lẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀, tí mo máa ń jókòó sáàárín wọn? Àwọn ni mo yà. Mísíìsì Hárìẹ́ẹ̀tì lu ihò rẹ̀ sára páálí tí maṣíìnì máa ń tẹ̀ lé, Bọ́sẹ̀ sì hun ún pẹ̀lú ẹnu dídì, irú èyí tí mi ò rí rí. Nígbà tó parí, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì, Bọ́sẹ̀ kọ ọ́ sára bébà pé ó ń sùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀ wá mú ẹran nínú fíríìsà, wọ́n ka bébà náà, mo sì rí i pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà.

Lọ́jọ́ tí a rán an pọ̀ tán, Mọ́mì fọ ọwọ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọn kò wo ojú aṣọ rárá. Wọ́n yí i padà, wọ́n ń fi ìka wá ibi tí a ti so abala kan mọ́ èkejì. Wọ́n wá a lọ, wọ́n wá a bọ̀, wọn kò rí i.

Wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ránṣọ báyìí?”

Mo ní, “Bàbá mi ni, Mà.”

Wọ́n yí aṣọ náà padà sí ojú rẹ̀, wọ́n ní, “Ó kọ́ ẹ dáadáa.”

Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí maṣíìnì sún mọ́ fíríìsà àwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọjọ́ tí kíláàsì bá kún. Wọ́n wá gun òkè lọ. Mo gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù pẹ̀lú alùfáà, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ibi iṣẹ́, wọ́n ń tọrọ àyè. Wọn kò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́.

Bàbá, ó ń dùn mí pé kì í ṣe apá yín ni màá dì mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹ máa rí mi láti ọ̀run? Ṣé ẹ máa rí ìsàlẹ̀ aṣọ náà bí oòrùn bá gba inú rẹ̀? Bùọ̀dá mi ni yóò mú mi wọlé, bó bá ti dáwọ́ ìbínú dúró pé a fi nǹkan pamọ́ fún òun. Físà tí Màmá ti ń wá tipẹ́ kò tíì parí. Lẹ́tà yìí ni mo kọ́kọ́ kọ, wọn ni màá pè báyìí, tí mo bá ti nu ojú mi.

Ẹ gba ìfẹ́ ọmọ yín, tíṣà, ìyàwó Táyọ̀, tí ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè pa ẹnu dé, tó sì ń retí gbogbo ẹbí, ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tó jìnnà, ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ìsinmi ńlá tí gbogbo ilé níbí fi ń jẹ tòlótòló, aago mẹ́wàá àárọ̀.