Apá Ẹ̀wù Tí Mo Fi Sítáàṣì Sí

Res ọmọ mi,

Mo kí ẹ o. Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun yó ní Zürich tó o wà yẹn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ báńkì sú ẹ, kó má sì jẹ́ kí ojú ọ̀gá ẹ korò sí ẹ. Bàbá ẹ ní kí n kí ẹ. Màlúù wa Flöckli ti bímọ, abo ni, iwájú orí rẹ̀ funfun bíi ti ìyá rẹ̀, a sì ti gé koríko àkọ́kọ́ wọlé kí òjò tó dé, ọpẹ́ ni.

Mo rí lẹ́tà ẹ gbà. O ní lọ́jọ́ Sátidé ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ máa fò láti orí àpáta tó wà lókè ilé wa, pé kí n fọkàn balẹ̀, agbòòrùn aláṣọ kan wà lẹ́yìn ẹ tó máa ṣí. Tí kò bá wá ṣí ńkọ́? Ìwọ tó o ń ké tá a bá gbé ẹ gun òkìtì koríko! Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun, àmọ́ ó dájú pé ìwọ ń hanrun ní tìẹ. Mo ní kò burú, ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dènà jàǹbá.

Mo lọ bá Ruedi, ọ̀gá àwọn tó máa ń lọ gbé ẹni tó bá ṣèṣe lára òkè. Ó ní kí àwọn tó ń fò láti orí àpáta tó gbéra, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àwọn oníhẹlikópítà, kí wọ́n má baà pàdé ara wọn lófuurufú. Mo ní ìyẹn dáa, ọmọlúàbí a máa kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó tún ní fóònù òun ń sọ bí atẹ́gùn ṣe le tó. Fóònù tó wà nínú àpò ṣòkòtò! Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí òòyì fi ń kọ́ mi, nọ́ńbà ibẹ̀ ò yí. Mo ní Ruedi, èyí ti kú o. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ni mo rí apá ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan lórí òpó létí pápá wa, ó dọ̀tí, ìdí rẹ̀ sì lu. Mo ní ó ti já lára aṣọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń fò láti orí àpáta yẹn, aláàánú kan ló fi kọ́ ibẹ̀ kí ẹni tó ni ín lè rí i. O mọ̀ pé n kì í wo aṣọ ìdọ̀tí níran. Bàbá ẹ di àkàbà mú, ó ń kùn, mo sì já a wálẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo rán ìdí rẹ̀ pa, mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi, a sì so ó padà. Ó nà gbọọrọ lórí òpó, ó wù mí wò.

Lọ́jọ́ kejì, ewé kan ò mì, oòrùn ràn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fò. Wọ́n kàn tò sétí àpáta, wọ́n ń wolẹ̀, nígbà tó sú wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ṣépè. Ruedi sáré dé. Ó ní ta ló fọwọ́ kan nǹkan orí òpó, mo ní èmi ni, kó má wulẹ̀ dúpẹ́. Ó káwọ́ lérí. Ó ní nǹkan náà ni àwọn tó fẹ́ fò fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó láti òkè: tó bá rọ̀, atẹ́gùn dákẹ́, tó bá nà, ìjì wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá fò lè forí sọ àpáta.

Res, mo bú sẹ́rìn-ín! Èmi Trudi, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lásán, mo dá gbogbo wọn dúró! Ni mo bá ní Sátidé ńkọ́? Mo bẹ Ruedi pé kó jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Mo fi wàràkàṣì lọ̀ ọ́, mo fi sọ́sééjì lé e. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé irọ́ ni apá ẹ̀wù náà ń pa, wọn ò ní wò ó mọ́, ìjì gidi á wá dé, ọmọ ẹlòmíì lòun á sì lọ máa ṣà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé eegun. Mo tú ìdí rẹ̀, mo fi omi gbígbóná fọ sítáàṣì kúrò, a gbé e padà. Òótọ́ ló ń sọ báyìí.

Nítorí náà, mi ò ní irọ́ tí mo lè fi dá ẹ dúró mọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Tó bá nà, má fò. Tó bá rọ̀, mo ṣì ní má fò. Bí etí ẹ bá wá di pátápátá, pe àwọn oníhẹlikópítà kí o tó fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wàá rí mi nídìí òpó náà. Bàbá ẹ ní òun ò lè wò ó, ọ̀dọ̀ màlúù lòun máa wà.

Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́, áyọ́ọ̀nù mi ti jó. Má fi sínú fóònù bíi tìjọ́sí, mi ò rí ibi tí owó ń gbà jáde lára rẹ̀. Ọlọ́run tó gbé òkè yìí ró kó gbé ẹ ró, kó má jẹ́ kí n sunkún ẹ.

Kí n má gbàgbé: gbogbo ẹni tó bá balẹ̀ sí pápá wa ló ń sanwó koríko tó bà jẹ́, ìwọ náà máa san án, mi ò mọ ọmọ nídìí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ọ̀fẹ́ lọbẹ̀ mi fún un.

Èmi ni ìyá ẹ,
Trudi